Nọ́ńbà tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ wa, àti ònkà tí à ń sọ nù

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Kétu, ní Pọbẹ̀, ní Ìṣakẹ́tẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́, àti ẹ̀yin ará wa tó wà ní òdìkejì ààlà, ní Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá, ọ̀rọ̀ ònkà la mú wá lónìí. Ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí ó kan ọjà wa, ó kan ọmọ wa, ó sì kan fóònù tó wà lọ́wọ́ yín yìí.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lójú wa lọ́jà kan lágbègbè Kétu. Obìnrin oníṣòwò kan ti ìhà Ìmẹ̀kọ kọjá wá láti ra isu. Ọmọbìnrin tó ń bá ìyá rẹ̀ tajà kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Wọ́n kí ara wọn dáadáa, wọ́n ná ọjà, wọ́n rẹ́rìn-ín, Yorùbá ni gbogbo rẹ̀. Ìgbà tó kan iye isu ni ọ̀rọ̀ dàrú. Obìnrin náà ní òun fẹ́ "seventy-five". Ọmọ náà wò ó lójú, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mélòó nìyẹn?" Obìnrin náà tún un sọ, ó sì gbé ohùn sókè, bí ẹni pé etí ọmọ náà ni kò gbọ́. Ọmọ náà wá bi í bóyá "soixante-quinze" ló ń wí. Ó di kí àwọn méjèèjì máa wo ara wọn. Níkẹyìn, wọ́n yọ fóònù, wọ́n tẹ 75 sójú rẹ̀, wọ́n fi han ara wọn. Ìyá àgbà kan tó jókòó ti ata rẹ̀ ló mi orí, ó ní: "Márùndínlọ́gọ́rin lẹ̀yin méjèèjì ń wí láti àárọ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a délé, ẹ̀rín náà kò dùn mọ́. Ní 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé tó la ilẹ̀ Kétu sí méjì. Láti ìgbà náà, ìgbéyàwó kò dúró, ìsìnkú kò dúró, ọjà kò dúró; à ń lọ, à ń bọ̀. Ààlà yẹn kò rí èdè wa pín. Ẹ wá wò ó: ibi ònkà ló ti wá ń pín in báyìí. Ọmọ wa ń ka Faransé, ọmọ wọn ń ka Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó so wọ́n pọ̀ wà lẹ́nu ìyá àgbà kan ṣoṣo.

Àwọn kan yóò ní kò burú, pé fóònù wà. Fóònù yẹn gan-an la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí ẹ bá ṣí ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ tuntun pẹ̀lú ẹnìkan lórí WhatsApp, ẹ ó rí ìkọ̀wé kékeré kan lókè tó ń sọ fún yín pé a ti ti ọ̀rọ̀ yín pa, pé ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ nìkan ló lè kà á. Láti oṣù kẹrin 2016 ni àgádágodo náà ti wà lórí ọ̀rọ̀ gbogbo àwọn tó ń lo WhatsApp. Inú ìṣirò àgádágodo náà, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló jókòó sí ìdí rẹ̀. Bí a bá fẹ́ sọ nọ́ńbà náà, bí àwọn baba wa ṣe ń ka nǹkan la ó ṣe sọ ọ́: ẹ wá nǹkan ńlá kan, kí ẹ sì sọ iye tó fi dín. Nǹkan ńlá náà ni ẹyọ kan tí a sọ di ìlọ́po méjì, tí a tún sọ di ìlọ́po méjì, títí ìlọ́po yóò fi pé 255. Iye tó fi dín ni mọ́kàndínlógún.

Ẹ jẹ́ ká mú un díẹ̀díẹ̀.

Ẹ kó mángòrò méjìlá sílẹ̀. Ẹ lè tò ó ní ìlà mẹ́ta tí mẹ́rin-mẹ́rin wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ sì lè tò ó ní ìlà méjì oní mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹ wá yọ ọ̀kan kúrò, kó ku mọ́kànlá. Ẹ tò ó bí ẹ ṣe fẹ́, ìlà kò ní dọ́gba láé, àfi kí ẹ tò ó ní ìlà kan gbọọrọ. Nọ́ńbà tó bá rí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ń pè ní nombre premier níléèwé. Àwa pè é ní nọ́ńbà tí kò ṣe é pín. Méjì, mẹ́ta, márùn-ún, méje, mọ́kànlá, mẹ́tàlá, mẹ́tàdínlógún, mọ́kàndínlógún: báyìí ni wọ́n ṣe ń lọ, wọn kò sì lópin.

Kí ni irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ wúlò fún? Ọjà wa lè dáhùn. Ọjà ọrọọrún, bí a bá ná an lónìí, ọjọ́ kẹrin sí ọ̀la òde yìí la ó tún ná an. Nítorí pé a ń ka òní mọ́ ọn la ṣe ń pè é ní ọrún. Ká ní Mọ́ńdè la ná an. Èyí tó tẹ̀ lé e bọ́ sí Fúráìdé, lẹ́yìn náà Túsìdeè, Sátidé, Wẹ́sìdeè, Sọ́ńdè, Tọ́sìdeè, kó tó padà sí Mọ́ńdè. Ó yí gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ká, kò fo ọ̀kan, kò sì tún ọ̀kan ṣe kó tó yípo tán lẹ́yìn ọjọ́ 28. Àwọn ìyá wa mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìka ìwé. Ohun tó fà á ni pé méje kò ṣe é pín. Ká ní ọjọ́ mẹ́jọ ló wà nínú ọ̀sẹ̀, ọjọ́ méjì péré ni ọjà náà ì bá máa bọ́ sí títí ayé. Ká ní mẹ́fà ni, ọjọ́ mẹ́ta péré. Méje kò gbà kí ẹnikẹ́ni há sí ibì kan. Ìwà yìí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń wá kiri nínú nọ́ńbà tí kò ṣe é pín, kékeré tàbí ńlá.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí ńlá. Ẹ mú hóró àgbàdo kan. Ẹ sọ ọ́ di méjì, méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́jọ. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, hóró 1,024 lẹ ó ní. Bí ẹ bá ṣe é nígbà ogún, ó di 1,048,576. Ẹ máa bá a lọ títí di ìgbà 255, kò ní sí ilẹ̀ tó lè gbà á ní gbogbo Kétu, kò sì ní sí ní gbogbo ayé. Ẹ yọ mọ́kàndínlógún kúrò nínú rẹ̀, ẹ ti dé ibi nọ́ńbà wa. Bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ tán, ó jẹ́ 57896044618658097711785492504343953926634992332820282019728792003956564819949. Ẹ kà á, àmì 77 ni. Kò sí ohun tó lè pín in dọ́gba àfi ẹyọ kan àti òun fúnra rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ mọ́kàndínlógún? Kí ló dé tí wọn kò yọ ẹyọ kan péré? Wọ́n wò ó, kò ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá yọ ẹyọ kan, méje pín in. Bí ẹ bá yọ mẹ́ta, márùn-ún pín in. Bí ẹ bá yọ márùn-ún, mẹ́ta pín in. Bí ẹ bá yọ mẹ́sàn-án, mẹ́tàdínlógún pín in. Gbogbo èyí tó wà láàárín ló ní ohun tó pín in, títí a fi dé mọ́kàndínlógún. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó dúró gbọn-in bí a bá ń ti òkè sọ̀kalẹ̀.

Ẹ lè bi wá pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lè jókòó kó máa fi gbogbo nọ́ńbà pín nǹkan tó tó báyìí. Ọgbọ́n kan wà. Ẹ mú méje. Ẹ fi méjì ìgbà mẹ́fà sọ ara wọn di púpọ̀, ó jẹ́ 64. Ẹ fi méje pín 64, ó ṣẹ́ku ẹyọ kan. Bí nọ́ńbà kò bá ṣe é pín, tó sì ju méjì lọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí nígbà gbogbo: ẹ ó fi ìgbà tó fi ẹyọ kan dín sí i sọ ọ́ di púpọ̀, ẹyọ kan ni yóò ṣẹ́ kù. Ẹ wá dán mẹ́sàn-án wò. Méjì ìgbà mẹ́jọ jẹ́ 256. Ẹ fi mẹ́sàn-án pín in, mẹ́rin ló ṣẹ́ kù. Àṣírí mẹ́sàn-án ti tú, ó ṣe é pín, bẹ́ẹ̀ a kò tíì wá ohun tó pín in rárá. Àwọn nọ́ńbà ẹlẹ́tàn kan wà tó ń yọ́ gba ìdánwò yìí kọjá, nítorí náà àwọn onímọ̀ ní ìdánwò mìíràn tó le jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Báwo ni nọ́ńbà yìí ṣe wá di àgádágodo? Ẹ rántí Àkàbà Ìdènà, ẹnu ọ̀nà odi ìlú Kétu. Kò sẹ́ni tó fi í pa mọ́. Àlejò mọ ibi tó wà, ọ̀tá mọ ibi tó wà. Pé ẹnìkan mọ ẹnubodè kò ní kó wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà yìí: a ti kọ ọ́ sókè yìí fún gbogbo ayé, kò bàjẹ́ nítorí rẹ̀. Fóònù kọ̀ọ̀kan ló ń mú nọ́ńbà àṣírí tirẹ̀ pa mọ́ sínú. Ó ń fi àṣírí náà ṣe ìṣirò gígùn kan lábẹ́ nọ́ńbà ńlá yìí. Nígbàkígbà tí iye bá ti kọjá rẹ̀, a yọ ọ́ kúrò, a gba àṣẹ́kù, bí ọjà ṣe ń yí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ká. Ibi tí ìrìn náà parí sí ni fóònù ń fi han ara ìta. Bí a bá sọ fún yín pé Mọ́ńdè la bẹ̀rẹ̀ ọjà, a sì wà ní Sátidé báyìí, ẹ lè fi ìka ka iye ọjà tó ti kọjá nínú ìyípo náà, nítorí méje kéré. Bí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ bá wá jẹ́ oní àmì 77, tí ìgbésẹ̀ náà kò sì jẹ́ ìrọ̀pọ̀ lásán bí ti ọjà, ta ni yóò ka ìrìn náà padà? Kò tíì sí kọ̀ǹpútà tó lè ṣe é.

Daniel Bernstein, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ló gbé ètò yìí jáde ní 2006. Ó pè é ní Curve25519. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa: 255 àti 19 ló wà níbẹ̀. Ìdí tó fi yan èyí tó fi díẹ̀ dín sí ìlọ́po méjì ni pé ó mú iṣẹ́ yá. Nígbà tí iye bá ti kọjá ìlọ́po 255, fóònù kò ní láti máa pín nǹkan. Èyí tó bá kọjá, á fi mọ́kàndínlógún sọ ọ́ di púpọ̀, á rò ó mọ́ ìyókù, ó parí.

Fífi mọ́kàndínlógún sọ nǹkan di púpọ̀ ńkọ́? Ìyá àgbà wa kò ní wá bébà. Bí ẹ bá ra àwo 35, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ọsàn mọ́kàndínlógún, ogún ni yóò fi mú un: ogún lọ́nà 35 jẹ́ 700, ẹ yọ 35 kúrò, ó ku 665. Orúkọ nọ́ńbà náà ló ti kọ́ ọ ní ọ̀nà. Mọ́kàndínlógún: ẹyọ kan dín nínú ogún. Ọmọ tó bá mọ ohun tí ó ń pè ti mọ bí a ṣe ń ṣe é.

Níbí yìí, a fẹ́ kí ẹ gbọ́ wa yé. Àwọn kan wà tó máa ń kọ ọ́ káàkiri pé àwọn baba wa ló ṣe kọ̀ǹpútà, nítorí pé Odù Ifá jẹ́ 256. Òótọ́ ni pé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, pé ojú kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dé, pé ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹ́jọ sì jẹ́ 256. Ìṣirò náà pé, ó sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n Bernstein kò dá Ifá kó tó mú nọ́ńbà rẹ̀, àwa náà kò sì ní purọ́ mọ́ ọn. Fífi ohun tí baba ẹni ní yangàn nígbà tí ọmọ ẹni kò lè ka márùndínlọ́gọ́rin, ìyẹn kì í ṣe iyì. Ohun tí à ń sọ kò tó bẹ́ẹ̀, ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀nà ìronú tó wà nínú ònkà wa, kí a wo ibi ńlá tó súnmọ́, kí a sì sọ iye tó fi dín, jẹ́ ọ̀nà ìronú gidi. Àwọn tó mọ ìṣirò jù láyé ń lò ó lójoojúmọ́. Nọ́ńbà tí kò ṣe é pín tó tóbi jù lọ tí ẹ̀dá tíì rí, èyí tí Luke Durant ṣàwárí ní oṣù kẹwàá 2024, ìlọ́po méjì nígbà 136,279,841 ni, ó dín ẹyọ kan. Àmì 41,024,320 ló ní. Ìlànà kan náà: ó dín.

A mọ àwọn àwíjàre tó ń bọ̀. Wọ́n á ní ònkà Yorùbá le jù. A gbà pé ó gba ìrònú. Ẹ bi ọmọ tó ń kọ́ Faransé pé kí ni quatre-vingt-dix-neuf: ogún mẹ́rin, ó lé mẹ́wàá, ó lé mẹ́sàn-án. Àwa ní mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún: ẹyọ kan dín nínú ọgọ́rùn-ún. Èwo ló le? Faransé náà ń ka ogún-ogún níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n jù ú nù.

Wọ́n á tún ní Faransé ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, pé Yorùbá á da ọmọ lọ́pọlọ rú. Ìyẹn náà ti ní ìdáhùn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò pẹ̀lú, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò sẹ́yìn àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n tilẹ̀ ta wọ́n yọ. Ẹni tó bá ti lóye nǹkan ní èdè ìyá rẹ̀ kò ní lóye rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ní èdè kejì. Orúkọ tuntun nìkan ló kù fún un láti kọ́.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ Faransé sílẹ̀. Ọmọ Kétu nílò rẹ̀. Ìlú Dangbo, tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́, ni ilé ẹ̀kọ́ gíga ìṣirò àti físíìsì tí wọ́n ń pè ní IMSP, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, wà. A fẹ́ kí ọmọ wa dé ibẹ̀. A kàn fẹ́ kó dé ibẹ̀ pẹ̀lú ònkà méjì lọ́wọ́, kì í ṣe pẹ̀lú ọ̀kan tó yá àti ọ̀kan tó ti sọ nù.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta là ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àkọ́kọ́, ẹ̀yin ìyá àti bàbá, bí ẹ bá rán ọmọ lọ́jà, ẹ sọ iye lédè Yorùbá, kí ẹ sì jẹ́ kó tún un sọ fún yín kó tó jáde. Ìkejì, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá dé ibi nombre premier, ẹ gbé mángòrò tàbí ẹ̀pà sílẹ̀, ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè ọjà ọrọọrún. Ẹ ó rí ojú wọn bó ṣe máa ṣí. Ìkẹta, ẹ̀yin oníṣòwò tó ń kọjá ààlà, ẹ jẹ́ kí ònkà Yorùbá jẹ́ ti àjọni láàárín yín. Kò sí nọ́ńbà Faransé tó lè yé ará Ìmẹ̀kọ, kò sí nọ́ńbà Gẹ̀ẹ́sì tó lè yé ará Kétu, bí kò ṣe pé wọ́n kọ́ ọ. Márùndínlọ́gọ́rin ni ti àwọn méjèèjì láti ilé.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ní 1886, Kétu ṣubú fún àwọn ọmọ ogun Dàhómì, bẹ́ẹ̀ odi wà, Àkàbà Ìdènà sì wà. Kò sí ẹnubodè tó ń ṣọ́ ara rẹ̀. Nọ́ńbà oní àmì 77 lè ṣọ́ ọ̀rọ̀ yín lọ́nà, kò lè ràn yín lọ́wọ́ bí ẹ bá fi kóòdù fóònù yín lé àjèjì lọ́wọ́. Kò sì lè ṣọ́ èdè tí a kò sọ sí ọmọ wa létí. Ìyẹn ọwọ́ wa ló wà.

Ní alẹ́ òní, ẹ pe ọmọ kan nínú ilé yín. Ẹ ní kó ka láti ẹyọ kan dé ọgọ́rùn-ún. Ibi tó bá dúró sí, ibẹ̀ ni kí ẹ ti gbà á, kí ẹ sì bá a kà á lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún wa nísàlẹ̀ ibi tó dúró sí, kí a lè mọ ibi tí iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.